Pọ́ǹpù Tí Wọ́n Fi Ara Tíṣà Wọ̀n

Ẹjọ́ kan tún wọ ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, irú èyí tí olùpẹjọ́ fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú bó ṣe ń wọlé, tí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀kadà ni èmi ń gùn ní Igbó-Ọrà níbí, n kì í ṣe aláròká. Mo gbé Màmá Ọláídé bọ̀ láti ọjà Tápà, wọ́n ní kí n já wọn sí ààfin, oòrùn sì mú, mo ní kí n wá ibòòji díẹ̀ jókòó sí. Ibòòji tí mo rí, inú gbàgede tí wọ́n ti ń gbẹ́jọ́ ló wà. Ẹ̀bi mi kọ́ nìyẹn.

Tíṣà Bámiṣẹ́ ló pẹjọ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ga débi pé tó bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á ní Òpó Iná ń lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á dúró kó jìnnà díẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Àjọkẹ́ onígàrí ló pè lẹ́jọ́. Ìyá ìbejì ni Àjọkẹ́, àmọ́ tí ẹ bá pe Ìyá Ìbejì ní àdúgbò wa, ìdajì àdúgbò ni yóò dáhùn, nítorí náà Àjọkẹ́ náà la ń pè é. Kò ga rárá. Ó pọn Táyé sẹ́yìn, ó gbé Kẹ́hìndé sórí itan, àwọn obìnrin àdúgbò sì kún ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó sin ìyàwó wá.

Baálẹ̀ Obadiah jókòó láàárín àwọn ìjòyè rẹ̀, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ó kọjú sí olùpẹjọ́.

"Tíṣà, kí ló dé?"

"Ìbàdí mi ni, Bàbá."

"Ìbàdí kì í wá sí ààfin. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ló ń lọ."

"Àjọkẹ́ ló bà á jẹ́."

Ojú àwọn ìjòyè là. Ọ̀tún Baálẹ̀ tó ti ń tòògbé tẹ́lẹ̀ sún àga rẹ̀ síwájú. Ẹjọ́ tí ìbàdí ọkùnrin àti orúkọ obìnrin bá ti wà nínú gbólóhùn kan náà, ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kó fò òun dá. Tíṣà rí ojú wọn, ó sì yára tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

"Kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó yẹn. Pọ́ǹpù ni."

Ọ̀tún dá àga rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé pọ́ǹpù náà fún ẹni tí kò gbé àdúgbò wa. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá la rí i gbà, a gbẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ìgbìmọ̀ omi ló bójú tó o, Tíṣà sì ni akọ̀wé wọn. Omi rẹ̀ mọ́, ó tutù, kò ní òórùn kankan. Kó tó dé, odò ọ̀nà Ìdèrè ni àwọn obìnrin wa ń lọ.

"Sọ ọ́ bó ṣe rí," Baálẹ̀ ní.

"Bàbá, bí àkùkọ bá ti kọ báyìí, màá gbọ́ 'Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o.' Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, bàsíà ni. Bàsíà látẹnu ọ̀nà mi dé ìdí igi máńgòrò. Gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyí á wà lórí ìkúnlẹ̀, Àjọkẹ́ á wà níwájú. Á ní, 'Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yín ti dé.'"

"Iṣẹ́ wo?"

"Kí n wá máa tẹ pọ́ǹpù fún wọn."

"Ṣé wọ́n bú ẹ?"

"Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń kí ìyàwó mi, wọ́n ń kí bàbá mi tó ti kú. Tí wọ́n bá bú mi, màá lé wọn lọ. Báwo lèèyàn ṣe ń lé ẹni tó kúnlẹ̀, Bàbá?"

"Kò ṣeé ṣe."

"Bí mo ṣe ń dìde tẹ̀ lé wọn nìyẹn. Tí mo bá dé ìdí pọ́ǹpù, màá tẹ̀ títí oòrùn á fi yọ. N kì í rí àdúrà òwúrọ̀ gbà mọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo sùn nínú ìwàásù, pásítọ̀ sì fi mí ṣe àpẹẹrẹ."

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?"

Tíṣà nà ró. Ó dáhùn bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí láti ilé.

"Kí ẹ kìlọ̀ fún Àjọkẹ́ kó má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Kí ẹ sì fún mi láṣẹ kí n fi àgádágodo ti pọ́ǹpù náà títí àwọn obìnrin á fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó bí ènìyàn. Èyí tí kò bá lè kọ́ ọ, odò ò gbẹ."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lójú Àjọkẹ́. Mo mọ ohun tó fà á, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tó lóyún àwọn ìbejì yìí, ó ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò yẹn, tòun ti bàsíà omi lórí, èmi gan-an ni mo fi ọ̀kadà gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Kò sí nǹkan tó ṣe oyún, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí ẹ bá dárúkọ odò níwájú Àjọkẹ́, yóò fọwọ́ kan inú rẹ̀.

"Àjọkẹ́, o ti gbọ́," Baálẹ̀ ní. "Ṣé lóòótọ́ lò ń jí Tíṣà?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Tí ẹ ò bá dá mi dúró, màá tún jí wọn lọ́la."

"Kí ni Tíṣà fi ṣe ẹ́?"

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí. Àwọn ló ni pọ́ǹpù ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo àdúgbò ló ni ín."

"Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ bi yín léèrè. Tí télọ̀ bá fi téèpù wọ̀n yín, tó gé aṣọ, tó rán an, ta ló ni aṣọ náà?"

"Èmi ni."

"Tí wọ́n bá gbé e wọ èmi ńkọ́?"

"Á máa wọ́ tẹ̀lé ẹ kiri ìlú."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Tíṣà ni wọ́n fi téèpù wọ̀n nígbà tí wọ́n ń ṣe pọ́ǹpù yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó bá Tíṣà mu gẹ́lẹ́, kò bá ẹlòmíràn mu. Ìyá mi kò kọ́ mi kí n máa lo nǹkan onínǹkan. Tí mo bá fẹ́ omi, mo máa ń lọ kí onípọ́ǹpù nílé, kí wọ́n wá lo pọ́ǹpù wọn. Mo sì máa ń kúnlẹ̀, kí wọ́n má baà ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹmẹ̀sẹ̀ ààfin wò mí, mo bá sọ ọ́ di ikọ́.

"Àwáwí ni," Tíṣà ní. "Bàbá, ènìyàn la ṣe pọ́ǹpù yẹn fún."

"Ènìyàn wo?" Baálẹ̀ bi í.

"Gbogbo ènìyàn."

"Ta ló dúró fún gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ?"

"Èmi ni mo wà nítòsí."

"Níbo làwọn obìnrin wà?"

"Wọ́n wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń se ìrẹsì tí ìgbìmọ̀ máa jẹ."

"Kí ni wọ́n fi se é?"

"Iná igi, Bàbá. Àti omi."

"Ta ló pọn omi náà?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tíṣà wo òkè àjà fún ìgbà díẹ̀, kò sì rí ẹni tó máa gbà á sílẹ̀ níbẹ̀.

"Àwọn ni wọ́n pọn ọ́n," ó ní.

"Kí ìwọ fúnra ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pọ́ǹpù fún Àjọkẹ́, ìgbà wo lo pọn omi gbẹ̀yìn?"

"Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni."

"Ìgbà yẹn ni a ṣì ń náwó ṣílè," Ọ̀tún sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo wa sì gbọ́.

"Kí ló wá dé tí pọ́ǹpù fi ga?" Baálẹ̀ tún bi í.

"Ìbàdí mi ti máa ń dùn mí tẹ́lẹ̀, Bàbá. Mo ní kí wọ́n mọ pèpéle rẹ̀ sókè, kí ọwọ́ pọ́ǹpù ga dáadáa, kí ènìyàn má baà máa bẹ̀rẹ̀ tó bá fẹ́ pọn omi. Ire ni mo rò. Tí àwọn kan bá wá kúrú, ìka kò dọ́gba. Bí Olúwa ṣe dá wọn nìyẹn."

"Òótọ́ ni ìka ò dọ́gba, Tíṣà," Àjọkẹ́ ní jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n tí a bá ń fọwọ́, gbogbo wọn ni omi ń kàn."

Àwọn obìnrin ní bẹ́ẹ̀ ni. Tíṣà ní òun ní ẹlẹ́rìí.

Àbdùlàhí télọ̀ ni ẹlẹ́rìí. Òun ló ni téèpù tí wọ́n fi wọn Tíṣà lọ́jọ́ náà, ọmọ ìgbìmọ̀ sì ni. Ó dé fìlà gogoro, ó wọ agbádá tó rán fúnra rẹ̀, ó wọlé tàpátàpá. Tí a bá yọ fìlà yẹn kúrò, òun àti Àjọkẹ́ lè wo ara wọn lójú láìgbé orí sókè.

"Àbdùlàhí, ṣé pọ́ǹpù náà dára?"

"Ó dára púpọ̀, Bàbá. Kò sí àléébù kankan lára rẹ̀."

"Ṣé o máa ń tẹ̀ ẹ́?"

"Àràárọ̀. Ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́."

"Tíṣà, ọwọ́ pọ́ǹpù náà ga tó ibo tí kò bá sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀?"

Tíṣà yí ojú ká, ó nawọ́ sí àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà ààfin. "Ibẹ̀ yẹn, Bàbá."

"Àbdùlàhí, bá mi fọwọ́ kan àtẹ́rígbà yẹn."

Télọ̀ ká apá agbádá rẹ̀ sókè. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró. Ó wo ẹ̀yìn bóyá a ti ń wo ibòmíràn, a ò wo ibòmíràn. Ó fò. Fìlà jábọ́. Ó tún fò, agbádá sì bò ó lójú.

"Ilẹ̀ ààfin yìí ló rẹlẹ̀, Bàbá," ó ní.

"Ọ̀dọ̀ àwọn baba mi ni mo ti bá ilẹ̀ yìí, kò tíì rẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Báwo lo ṣe ń rí omi?"

Àbdùlàhí mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó ń gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ nù. "Mo máa ń lọ dúró sídìí pọ́ǹpù nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn. Tí ẹni tó ga bá ń kọjá, màá kí i, màá bi í nípa ilé, nípa ọmọ. Tó bá dúró dáadáa, màá ní, 'O ò kúkú bá mi tẹ nǹkan yìí díẹ̀, ọwọ́ ń dùn mí.'"

"Ọmọ ìgbìmọ̀ ni ẹ́. Ìwọ lo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Kí ló dé tí o ò sọ pé o ò tó o?"

"Ọkùnrin ni mí, Bàbá. Wọ́n ní ènìyàn tó o. Tí mo bá ní mi ò tó o, kí ni wọ́n máa pè mí?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn Àjọkẹ́, Làtíífàt tó ń ta epo pupa, kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọkùnrin ló kún inú ìgbìmọ̀ yẹn. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Baálẹ̀ lára. "Ọkùnrin kọ́ ló kún ibẹ̀. Ta ni alága? Ṣebí obìnrin ni mo fi ṣe alága, tí gbogbo Ìbàràpá gbọ́, tí àwọn ará Èrúwà wá kí mi kú iṣẹ́. Màmá Ọláídé, ẹ bọ́ síwájú."

Èrò ọ̀kadà mi nìyẹn o. Tí ẹ ò bá mọ Màmá Ọláídé, òun ni ọlọ́jà tí iṣu kì í ní iye ní Tápà títí yóò fi dé. Ó ti lé dẹ́rẹ́bà kan kúrò nídìí ọkọ̀ rí pẹ̀lú ẹnu lásán. Èmi náà, tí wọ́n bá wà lẹ́yìn mi lórí ọ̀kadà, bí wọ́n ṣe ní kí n sáré ni mo ń sáré. Wọ́n bọ́ síwájú, wọ́n tún gèlè wọn ṣe.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga ìgbìmọ̀ omi."

"Èmi ni. Kò sì sí ọkùnrin tó gbé ohùn sókè níbi tí mo jókòó sí. Èmi ni mo yan ibi tí a gbẹ́ ẹ sí. Èmi ni mo yan wẹ́dà tó jó irin rẹ̀. Nígbà tí sìmẹ́ńtì kò pé, èmi ni mo ní kí wọ́n dá a padà."

"Gíga rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó bá ènìyàn mu. Tíṣà tẹ̀ ẹ́, omi yọ. Àwọn ọkùnrin tó ga tẹ̀ ẹ́, omi yọ. A pàtẹ́wọ́."

"Ṣé ẹ̀yin náà tẹ̀ ẹ́?"

"Mo nawọ́ sí i."

"Ṣé ọwọ́ yín tó o?"

Màmá Ọláídé wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kò tó o, Bàbá."

"Ẹ̀yin sì ni alága. Ẹ lè ní kí wọ́n wó o palẹ̀ lójú ẹsẹ̀."

"Mo lè ní bẹ́ẹ̀."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," Ọ̀tún ní. "Màmá, ẹ wà lọ́jà. Orí ọmọ wọ́ báyìí. Kí ló dé?"

Nígbà tó dáhùn, ohùn tó ń lé dẹ́rẹ́bà yẹn kọ́ la gbọ́.

"Mo wo pọ́ǹpù, mo wo ara mi. Mo rò pé èmi ni mo kúrú."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín. Obìnrin tí kò sẹ́ni tó lè yan án jẹ ní ọjà mẹ́ta, irin lásán dúró níwájú rẹ̀, ó sì gbà fún irin pé irin ló jàre.

"Mo tún lọ ra bàtà gogoro," Màmá Ọláídé ní. "Mo wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí kò sí èèyàn, ó kù díẹ̀ kí n fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Láti ìgbà náà, omi inú ọ̀rá ni mò ń rà mu."

Baálẹ̀ fọwọ́ lérán. Ó wo Àjọkẹ́.

"Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ò rò pé ìwọ lo kúrú?"

"Mo rò ó, Bàbá. Mo tilẹ̀ so okùn mọ́ ọn kí n máa fi fà á, okùn já, mo fìdí lélẹ̀. Mo wá dúró síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń wo àwọn tó ń bọ̀. Làtíífàt dé, kò tó o. Ìyàwó pásítọ̀ dé, kò tó o. Ìyàwó Tíṣà fúnra wọn dé, wọ́n fò títí ọmú fi ń dùn wọ́n. Mo ní ṣé gbogbo wa la kúrú, tó wá jẹ́ Tíṣà nìkan ni Ọlọ́run dá bó ṣe yẹ? Mo ní rárá. Tíṣà ló ga."

Tíṣà Bámiṣẹ́ wo ara rẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀. Ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ rí, pé gíga ni òun ga.

Àwọn ìjòyè fi orí korí. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde. "Bàbá, ẹjọ́ yìí rọrùn. Ẹ tú ìgbìmọ̀ ká. Ẹ kó obìnrin kún inú rẹ̀, kí gbogbo wa lọ sílé."

"Obìnrin kọ́ ni Màmá Ọláídé?" Baálẹ̀ bi í.

"Obìnrin ni."

"Ọkùnrin kọ́ ni Àbdùlàhí? Ṣé pọ́ǹpù bá a mu?"

Ọ̀tún tún sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹjọ́ méjì ló so mọ́ra wọn níbí," Baálẹ̀ ní. "Ẹni tó jókòó sórí àga, ọ̀tọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ wọn àga kí wọ́n tó kàn án, ọ̀tọ̀. Mo gbé obìnrin jókòó, mo ń yangàn kiri. N kò bèèrè ìdí ẹni tí wọ́n fi wọn àga. Màmá Ọláídé jókòó síbẹ̀, ojú Tíṣà ló sì fi ń wo ara rẹ̀. Tí mo bá kó ogún obìnrin jọ, tí wọ́n ń fi ojú Tíṣà wòran, ojú ọ̀run ni pọ́ǹpù máa wà."

Ó tún jókòó dáadáa. Àwa náà mọ̀ pé ìdájọ́ dé.

"Tíṣà, o ò jalè, o ò sì ṣìkà. O wá ènìyàn, o bá ara rẹ pàdé lọ́nà, o sì padà sílé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti pọ́ǹpù yẹn, kò sì sí obìnrin tó máa tún lọ sí odò tí omi bá wà nínú ilé wa."

Àjọkẹ́ mí kanlẹ̀. Mo rí i tó dọwọ́ bo ojú, tó sì yára mú ọwọ́ kúrò.

"Kí wẹ́dà wá gé e wálẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀, Àbdùlàhí á gbé téèpù rẹ̀ wá, Àjọkẹ́ ni yóò wọ̀n, bó ṣe wà yẹn, tòun tọmọ lẹ́yìn."

"Bàbá," Tíṣà ní, "tí wọ́n bá fi Àjọkẹ́ wọ̀n ọ́n, á rẹlẹ̀ jù fún mi. Ìbàdí mi kò gbà á."

"Ìyẹn rọrùn. Tí o bá fẹ́ omi, bí àkùkọ bá ti kọ, gbé bàsíà ẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà Àjọkẹ́. Dọ̀bálẹ̀. Kí i dáadáa, kí bàbá rẹ̀. Sọ pé, 'Àjọkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yín ti dé.' Mi ò rò pé ó máa lé ẹ."

"Màá kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ pẹ́ díẹ̀," Àjọkẹ́ ní.

"Mo gbọ́ pé wẹ́dà ń ṣe géètì lọ́wọ́ ní Èrúwà, ó ní ọ̀la lòun ń bọ̀," Baálẹ̀ ní. Gbogbo wa mọ ọ̀la wẹ́dà, a sì mi orí. "Títí ọ̀la náà á fi dé, Tíṣà, ìwọ lo máa tẹ pọ́ǹpù fún gbogbo ilé, láti òní lọ, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí ènìyàn tó ń pọn omi ṣe rí nìyẹn, ó yẹ kí o ti wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbdùlàhí, ìwọ á máa ru bàsíà. Màmá Ọláídé, ẹ̀yin ò ní ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ ó kàn dúró síbẹ̀. Obìnrin tó bá nawọ́ tí kò tó o, ẹ ó sọ fún un, pẹ̀lú ohùn tí ẹ fi lé dẹ́rẹ́bà yẹn, pé, 'O ò kúrú.'"

Màmá Ọláídé ní òun gbà. Lójú ẹsẹ̀ náà ló kọjú sí Làtíífàt, ó ní, "O ò kúrú," ilé sì mì.

Wọ́n sọ Táyé kalẹ̀ lẹ́yìn Àjọkẹ́, wọ́n sì gbé e lé Tíṣà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn yẹn gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí, ó ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀já. Ó wá fi gbogbo ẹnu di etí agbádá Tíṣà mú, ó ń fà á bí ọmú. Tíṣà dúró gbọnrangandan, kò mọ ibi tí ènìyàn ń kó ọwọ́ sí.

A rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n Àjọkẹ́ kò tíì dìde. Ó ń wo àwọn ìjòyè lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí Ọ̀tún dé ẹni tó jókòó gbẹ̀yìn.

"Kí ló kù?" Baálẹ̀ bi í.

"Kò sí, Bàbá. Ẹ ní ẹjọ́ méjì ni. Ẹyọ kan lẹ dá. Mò ń wo àwọn tó jókòó sórí àga ni."

Baálẹ̀ wúkọ́, irú ikọ́ tèmi ìṣáájú gan-an.

"Ẹjọ́ yẹn kò tíì dé iwájú mi," ó ní. "Ọ̀fun ń gbẹ mí. Ìyá Tìmílẹ́hìn, gbé omi wá fún wa."

Ohùn ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti inú ilé. "Kò sí omi, Bàbá Tìmílẹ́hìn."

"Báwo ni kò ṣe sí omi?"

"Ìkòkò ti gbẹ láti ìjẹta."

"Pọ́ǹpù ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Bí Àjọkẹ́ ṣe ga nèmi náà ga."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ. Ẹ ní kí n rán ènìyàn."

Ojú ilẹ̀ ni Baálẹ̀ ń wò. Nígbà tó gbé orí sókè, ó wo Kẹ́hìndé tó kù lórí itan ìyá rẹ̀, ó sì wo àwọn ìjòyè. Ọ̀kan ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. Òmíràn ní aago ti lọ, òun ní ẹni tí òun fẹ́ rí ní Ìdèrè. Ọ̀tún ní ẹ̀yìn ń dun òun láti ọjọ́ Ẹtì.

Baálẹ̀ bọ́ agbádá, ó ká a sórí àga. Ó sọ̀kalẹ̀ wá síwájú Àjọkẹ́, ó yí ẹ̀yìn padà sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè gbé Kẹ́hìndé lé e lẹ́yìn. Ìyá Tìmílẹ́hìn ti mú ọ̀já jáde láti inú ilé. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Àjọkẹ́, ó gbé e sókè títí apá rẹ̀ fi nà tán, ọmọ kò dé ibi tó yẹ kó dé.

"Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí i, Bàbá Tìmílẹ́hìn," ó ní. "Ẹ ga jù."